Tí Nẹ́tíwọ̀kì Bá Lọ, Ta La Máa Bi?

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ rí á mọ ohun tá a fẹ́ sọ. Ẹ ń bá ìyá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọkọ̀ jáde nílùú tán, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já. “Hẹ́lóò? Ẹ ń gbọ́ mi?” Kí ẹ tó wí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ti gé. Ibi tó wá ń dunni ni pé ẹni tó jókòó tì yín, tó ń lo síìmù mìíràn, ń bá ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lọ ní pẹ̀lẹ́tù. Òpó wà nítòsí o, kì í kàn ṣe tiyín ni.

Kí ló dé tí òpó fi ní olówó tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Láyé àwọn baba wa, tí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kò nílò lẹ́tà. Mẹ́fà ni, “fífà” ló wà nínú rẹ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Tí ẹni yẹn bá dá mẹ́jọ padà, “jíjọ” ni: ọ̀rọ̀ wa jọra, mo gbà. Àrokò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ èdè, ó ti wọlé.

Bákan náà ni dùndún. Ẹni tó gbẹ́ igi ọ̀mọ̀, ẹni tó tọ́jú awọ ewúrẹ́, àti Àyàn tó ń lù ú, wọ́n lè má jẹ́ ará ilé kan náà. Síbẹ̀, ìlù tí wọ́n ṣe ní Ọ̀yọ́, ẹ gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á gbọ́ oríkì tó bá ń ki. A ò tíì gbọ́ ọ rí kí agbẹ́gi sọ pé awọ tóun nìkan bá tà ló gbọdọ̀ wà lára igi òun.

Tẹlifóònù ò bá wa báyẹn. Ọwọ́ ìjọba nìkan ló wà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá wà níbẹ̀: ní 1957, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá jẹ́ mínísítà ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ àti ọkọ̀ òfurufú. Ní 1985, wọ́n kó iṣẹ́ tẹlifóònù abẹ́lé àti ti òkè òkun jọ sábẹ́ NITEL. Nígbà tí ọdún 2001 fi wọlé, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, fún èèyàn tó lé ní 100 mílíọ̀nù. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ wà. Ibòmíràn téèyàn lè gbà lọ ò pọ̀.

Oṣù kìíní ọdún 2001 yẹn ni àjọ NCC lu ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín léèrè: nǹkan bí 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan, kódà tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré. Àfìgbà tí Glo dé ní 2003 tó ní òun á máa ka ìṣẹ́jú àáyá ni àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e.

Ilé-iṣẹ́ pọ̀, òpó náà pọ̀. Kálukú ń ri tiẹ̀, kálukú ń ra jẹnẹrétọ̀, kálukú ń gbé dísù lọ síbẹ̀. Owó yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa ronú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé abúlé tí èèyàn ò pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní 2014, MTN kó òpó rẹ̀ nílẹ̀ yìí lé IHS lọ́wọ́, Etisalat ta èyí tó lé ní 2,000 fún IHS kan náà, Airtel náà sì ṣàdéhùn láti ta tiẹ̀ fún American Tower. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lè máa san owó ilé lórí òpó kan.

Ṣùgbọ́n irin lásán ni wọ́n ń pín. Ohun tó wà lára irin yẹn, kálukú ló ṣì ń gbé tiẹ̀ wá. Rédíò wà lókè òpó tó ń bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Àpótí kan sì wà tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra rédíò lọ́wọ́ Ericsson, Huawei tàbí Nokia, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà lẹ ti máa ra ọpọlọ. Ẹ rántí ṣájà Nokia ẹlẹ́nu tín-ín-rín? Tó bá sọnù, ti Samsung ò lè ràn yín lọ́wọ́. Bó ṣe rí lórí òpó nìyẹn, àmọ́ iye owó ṣájà yìí ò kéré rárá.

Ohun méjì ni wọ́n wá ń gbìyànjú láti yí padà. Èkíní, iṣẹ́ tí àpótí yẹn ń ṣe, kí wọ́n sọ ọ́ di software tó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà. Láti 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńláńlá ti ń sọ ọ́ ní gbangba. Èkejì, kí wọ́n kọ èdè tí rédíò fi ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ síta, kí ti ilé-iṣẹ́ kan lè bá ti òmíràn ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní Open RAN nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè dá a ṣe, ni wọ́n bá ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: Facebook àtàwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ Telecom Infra Project ní 2016; AT&T, China Mobile, Deutsche Telekom, NTT Docomo àti Orange bẹ̀rẹ̀ O-RAN Alliance ní 2018. Ní 2020, Rakuten ṣí nẹ́tíwọ̀kì tó gbé ka ìlànà yìí fáwọn oníbàárà ní Japan.

Ó kan àwa náà. Ní 2019, MTN kéde pé òun á gbé irú ẹ̀rọ yìí dé ibi tó lé ní 5,000 ní ìgbèríko, káàkiri orílẹ̀-èdè 21 tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ní 2021, ó dárúkọ àwọn tí wọ́n á jọ ṣe é: Altiostar, Mavenir, Parallel Wireless, Tech Mahindra àti Voyage. Ìdí rẹ̀ ni pé tí ẹ̀rọ bá dínwó, òpó abúlé lè pa owó ara rẹ̀ wọlé.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwa tá a mọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti rí àjọṣe rí, a sì mọ ibi tó máa ń já sí. Wọ́n dá fásitì LAUTECH sílẹ̀ ní 1990, orúkọ Akíntọ́lá kan náà ló ń jẹ́. Nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ni ín. Tí owó bá délẹ̀, èyí á wo ojú ìyẹn. Ní 2016 sí 2017, ilé-ẹ̀kọ́ náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọmọ tó yẹ kó ti parí jókòó sílé. Oṣù kọkànlá 2020 ló tó di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Olówó méjì wà, ẹni tó máa dáhùn ni ò sí.

Ìbéèrè kan náà ló ń bẹ lọ́rùn Open RAN. Tí rédíò bá jẹ́ ti Lámọ́rín, tí software jẹ́ ti Làkáṣègbè, tí kọ̀ǹpútà tún jẹ́ ti ẹlòmíràn, lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, onírédíò á ní software ni, onísoftware á ní rédíò ni. Ẹ̀rù ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ káwọn ilé-iṣẹ́ padà sọ́dọ̀ àgbà ọjà. AT&T tó wà lára àwọn olùdásílẹ̀ gan-an, Ericsson ló gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí fún ní 2023, iye rẹ̀ tó bíi bílíọ̀nù dọ́là 14. Altiostar tí MTN dárúkọ ńkọ́? Kí 2021 tó parí, Rakuten ti rà á.

A ò sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Ní oṣù kẹta 2025, MTN àti Airtel kéde pé àwọn á jọ máa lo ohun èlò nẹ́tíwọ̀kì ara wọn ní Nàìjíríà àti Uganda, ó sì dùn mọ́ wa, torí ẹni tó jókòó tì wá nínú ọkọ̀ yẹn. Ohun tá a ń sọ ni pé kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó máa dáhùn sínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n sì fi àwọn ọmọ wa síbẹ̀. Software lèèyàn lè kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìdúró de ẹni tó máa wọ bàálù wá. LAUTECH ń kọ́ àwọn ẹnjiníà lójoojúmọ́. Tí èdè rédíò bá ti wà ní gbangba lóòótọ́, kí ló dé tí wọn ò fi ní gbọ́ ọ?

Nígbà tí awọ ìlù bá ya ní Ọ̀yọ́, wọn kì í ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Àyàn wà ládùúgbò. Ẹ kàn máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni.