Nígbà Tí Agbégilódò Gba Ẹ́ńjìnnì Ẹlòmíì

Ẹni tó bá gba títì Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ kò ní ṣàìrí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ìlú gẹdú ni. Pákó wà ní tító lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ̀rọ ìlagi ń pariwo, agbégilódò tó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí lọ sì ń wọlé, ó ń jáde. Àwa tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ka irú ọkọ̀ yẹn kún. Fídíò eré ìje dírágì là ń wò: mọ́tò méjì dúró, iná tan, wọ́n já, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ìṣòro kan náà ló dé bá àwọn méjèèjì: tí o bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí lo máa ṣe sí sípíríǹgì àti táyà?

Bedford ni púpọ̀ nínú agbégilódò àtijọ́. Luton ní England ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1931. Nígbà tó yá, UAC ń tò ó pọ̀ ní Àpápá. Òun náà ni wọ́n kan pákó mọ́ lára tó di bọ̀lẹ̀kájà. Ní 1986, General Motors tó ni Bedford pinnu pé àwọn ò ní ṣe lọ́rì ńlá mọ́. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Babangida gbé SAP dé, tí náírà sì já wálẹ̀. Ta ló fẹ́ ra lọ́rì tuntun? Irin Bedford ṣì le koko, ẹ́ńjìnnì ló kú. Àwọn ọlọ́kọ̀ bá yíjú sí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, pàápàá èyí tó ń jẹ díísù. Mercedes 911, tí Anammco ti ń tò pọ̀ ní Ẹnúgu láti 1980, ti wà káàkiri nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ní wá a tì.

Ẹ́ńjìnnì díísù máa ń wúwo ju ti bẹntiróòlù lọ. Kì í lo púlọ́ọ̀gì láti tanná. Ńṣe ló ń fún atẹ́gùn mọ́ra títí tí atẹ́gùn náà á fi gbóná débi tí díísù á gbiná. Irin tó máa gba irú ìfúnmọ́ra bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn. Tí wọ́n bá wá gbé e sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe sípíríǹgì rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́, iwájú á tẹ̀, sitiárìn á le, táyà iwájú á sì máa jẹ lọ́nà tí kò dọ́gba. Sípíríǹgì agbégilódò, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni. Mẹkáníìkì á tú u, wọ́n á fi irin kan kún un tàbí kí wọ́n tún un tẹ̀ kó lè ró sókè.

Ẹ̀yìn náà ò gbẹ́yìn. Tí awakọ̀ bá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, bí táyà ṣe ń yí síwájú ni irin tó gbé e ń fẹ́ yí sẹ́yìn. Sípíríǹgì á wọ́ bí ejò. Tí yú-bóòtì bá dẹ̀, bóòtì àárín á já, táyà ẹ̀yìn á sì kúrò láyè rẹ̀ pẹ̀lú gẹdú lórí.

Ohun tí àwọn ọmọ California kọlù náà nìyẹn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ford àtijọ́ ni wọ́n ń rà, wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n á kó V8 tó lágbára sí i. Wally Parks dá NHRA sílẹ̀ ní 1951 kí wọ́n lè kúrò lójú títì, kí wọ́n máa sá eré wọn ní pápá, mítà 402 péré. Sípíríǹgì ẹ̀yìn wọ́n tiwọn náà, táyà ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Wọ́n jó ọ̀pá irin mọ́ ọn kó má baà yí. Àwọn kan tiẹ̀ gbé iwájú ọkọ̀ sókè bíi ti lọ́rì, kí ìwúwo lè sún sẹ́yìn, kí táyà ẹ̀yìn lè di ilẹ̀ mú.

Agbégilódò ò nílò ìyẹn. Gẹdú gígùn máa ń yọ kọjá táyà ẹ̀yìn. Tó bá pọ̀ jù, iwájú á fúyẹ́, sitiárìn ò ní gbọ́ràn mọ́ tó bá di òkè. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó wúwo ti wúlò díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà ló yàtọ̀ pátápátá. Táyà dírágì máa ń dán, wọn kì í fún un ní atẹ́gùn púpọ̀, kó lè tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ nìyẹn o. Òjò Àkúrẹ́ ò mọ dírágì. Táyà tó ti dán kò ní ojú ibi tí omi á gbà jáde, èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré lábẹ́ ẹrù á sì gbóná títí á fi bẹ́. Michelin dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2008. Igi rọ́bà ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àmọ́ táyà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ń wọ̀.

Ohun tó dùn wá jù nínú ìtàn yìí ni bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń dé láìmú bíréèkì tuntun dání. Bẹ́ẹ̀ tí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa á di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn onídírágì rí èyí, wọ́n so paráṣúùtì mọ́ ìdí ọkọ̀. Tiwa ni mọ́tòbọ́ì: ó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn agbégilódò pẹ̀lú ìtì igi lọ́wọ́, kó lè bẹ́ sílẹ̀ lórí òkè tí bíréèkì bá kọ̀, kó sì fi há táyà lẹ́nu.