Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tí Mùsùlùmí gbẹ́

 Ẹ jẹ́ ká jọ rìn dé ilé díẹ̀.

Ọ̀yẹ́-Èkìtì la ó kọ́kọ́ yà sí. Ní 1947, Fádà Kevin Carroll àti fádà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìjọ Kátólíìkì. Àwọn agbẹ́gilére wa ni wọ́n pè. George Bándélé, ọmọ Àréògún, gbẹ́ àwọn amòye tó wá kí Jésù bí ọba Yorùbá gan-an.

Ibẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bándélé fọ́dún mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá dé Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà níbẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ Làmídì ni. Mùsùlùmí sì ni, títí tó fi kú ní 2009.

Ní Kánò yìí, a ti sá, a ti sunkún nítorí ìjà ẹ̀sìn. Síbẹ̀, nínú ilé wa, bàbá ń lọ Jímọ̀, ìyá ń lọ Máàsì ní Our Lady of Fatima. Ẹ sọ fáwọn ọmọ yín pé kò sí àbùkù níbẹ̀. Ilẹ̀kùn Ìbàdàn yẹn ni ẹ̀rí wa.