Ìgò Appert, Ọmọrí Mason

Nicolas Appert tó ń ṣe súìtì ní Paris ló kọ́kọ́ la ọ̀nà fún wa láti sé oúnjẹ sínú ìgò kó má bàjẹ́. Á rọ ẹ̀fọ́, ẹran tàbí mílíìkì sínú ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò, á fi kọ́ọ̀kì dí i pinpin, á fi wáyà dè é, á wá fi àpò aṣọ wé ìgò kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e sínú omi híhó. Ní 1810, ìjọba Faransé fún un ní 12,000 franc, wọ́n ní kó kọ ọgbọ́n náà síwèé fún aráyé. Wọn ò tíì bí Louis Pasteur, tó ṣàlàyé pé kòkòrò àìfojúrí ló ń ba oúnjẹ jẹ́, nígbà náà! Àdánwò àti sùúrù ni Appert fi mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bu ọlá fún un.

Tòmátì ni èmi máa ń sé. Bí ìgò bá ti ń tutù, àárín ọmọrí á tẹ̀ wọnú, á dún "kó!", ọkàn mi á balẹ̀.

Ní ti ọmọrí, John Landis Mason, alágbẹ̀dẹ páànù ní New York, ló gba ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá ní 1858 lórí ìgò ọlọ́rùn oníyípo, tí ọmọrí síńkì ń lọ́ mọ́. Ẹ̀tọ́ náà tán ní 1879, àwọn ẹlòmíràn sì fi ìgò náà là. Mason kú ní 1902 láìlówó lọ́wọ́. Ó ń dùn mí.