Bí Àgbà Bá Ṣubú: Àlàyé lórí Òyì Tó Ń Ti Inú Etí Wá

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí yóò gbé e dìde ni ọmọdé ń wò. Ohun tó gbé òun ṣubú ni àgbà ń wá. Ọ̀rọ̀ ìwà la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ìṣubú gidi ni mo fẹ́ fi í tú lónìí: ti ẹni tó dìde lórí ibùsùn, tí yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́ ọn lójú, tó wá ògiri dì mú tì. Kì í pẹ́ kí ará ilé tó dájọ́: ibà ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n á ra oògùn fún un, kò sì sẹ́ni tó máa wo ẹ̀yìn.

Ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè fa òyì lóòótọ́. Àmọ́ òyì tó ń mú kí ilé máa yí, inú etí lọ́hùn-ún ló ti sábà máa ń ṣẹ̀. Ọ̀pá tóóró mẹ́ta tó tẹ̀ yípo wà nínú egungun orí ní ẹ̀gbẹ́ etí kọ̀ọ̀kan, omi sì kún inú wọn. Bí èèyàn bá yí igbá omi lójijì, igbá á ti yí kí omi inú rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni omi etí ṣe ń kẹ́yìn nígbà tí a bá yí orí, tí á fi tẹ àwọn irun wíńníwíńní tó wà níbẹ̀, iṣan etí á sì ròyìn fún ọpọlọ. Nítòsí wọn ni àpò kékeré méjì wà, tí ẹ̀rún kásíọ́ọ̀mù wà nínú wọn. Àwọn yẹn ló ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá à ń gòkè, à ń sọ̀ kalẹ̀ tàbí à ń lọ síwájú. Ìròyìn yìí ni ọpọlọ fi ń darí ẹyinjú, kí ohun tí à ń wò má baà máa jó bí a ti ń rìn. Nítorí náà, ojú ni dókítà tó mọṣẹ́ ti ń ka àṣírí etí.

Ó pẹ́ kí ayé tó mọ èyí. Ní 1861, Prosper Menière, dókítà ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Paris, sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òyì tó ń bá etí kíkùn àti etí dídi rìn, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ tó gun ọpọlọ, etí ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ọdún kejì ló kú.

Robert Bárány, ará Vienna, ló wá rí bí a ṣe lè dán etí náà wò. Ó ń fi omi fọ etí àwọn aláìsàn, òyì sì ń kọ́ wọn, ẹyinjú wọn ń já lọ já bọ̀. Ẹnì kan sọ fún un pé ìgbà tí omi ò bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ni òyì ń kọ́ òun. Wọ́n gbé omi gbígbóná wá, òyì tún kọ́ ọ, àmọ́ apá òdìkejì ni ẹyinjú ń já sí! Òye yé Bárány: ohun gbígbóná a máa lọ sókè, ohun tútù a máa lọ sílẹ̀, omi inú etí náà ò yàtọ̀. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel ti 1914 fún un. Ẹlẹ́wọ̀n ogun ló jẹ́ ní Rọ́ṣíà nígbà tí ìròyìn náà dé. Títí dòní, wọ́n ń fi omi 30°C àti omi 44°C dán etí kọ̀ọ̀kan wò. Etí tí kò bá mú ẹyinjú rìn bíi ti èkejì rẹ̀, ibẹ̀ ni kí a wá àìsàn sí.

Àyẹ̀wò tó wú mi lórí jù lọ kò gba ẹ̀rọ kankan. Margaret Dix àti Charles Hallpike ṣàlàyé rẹ̀ ní London ní 1952. Aláìsàn á jókòó lórí ibùsùn, dókítà á yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì yára dá a dùbúlẹ̀ kí orí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ kọjá etí ibùsùn, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀. Bí ẹyinjú bá bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó sì dáwọ́ dúró kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ẹ̀rún kásíọ́ọ̀mù ló ti já kúrò nínú àpò rẹ̀ bọ́ sínú ọ̀pá. Ní 1992, John Epley ti Oregon ní Amẹ́ríkà tẹ àlàyé jáde lórí bí a ṣe ń yí orí díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀rún náà lè padà sáyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, láìsí abẹ, láìsí oògùn. Ó dùn mí gan-an pé àwọn kan ń fi ọdún gbáko gbé oògùn òyì mì nítorí ohun tí ọwọ́ dókítà lè tún ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oògùn yẹn wúlò fún ọjọ́ mélòó kan tí èébì bá le. Bó bá pẹ́ jù, kì í jẹ́ kí ọpọlọ tètè mọ bí yóò ṣe gbé ara dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn, nígbà náà. Báwo ni òyì náà ṣe pẹ́ tó? Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá nígbà tí a bá yí lórí ibùsùn, ẹ̀rún ni ká fura sí. Bó bá gba wákàtí, tí etí ń kùn tó sì ń di, àìsàn tí Menière rí ni ká rò. Bó bá di ọjọ́ mélòó kan láìdáwọ́ dúró, iṣan etí lè ti wú. Abẹ́rẹ́ wo la sì gbà láìpẹ́? Jẹntamáísìn, tí àwọn kan ń gbà ní kẹ́míìsì bí ẹni ra omi, lè pa irun inú etí méjèèjì. Ilé kì í yí mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú; ńṣe ni yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, pàápàá nínú òkùnkùn. Irun náà kì í sì í hù padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un fún yín láìsí àṣẹ dókítà.

Bí òyì bá sì dé lójijì, tí ahọ́n ń lọ́, tí ojú ń rí nǹkan kan ní méjì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí tí èèyàn ò lè dá dúró rárá, ọ̀rọ̀ ti lè kọjá ti etí. Rọpárọsẹ̀ tó mú ẹ̀yìn ọpọlọ máa ń jọ òyì etí. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.