Ta Ni Ó Ni Ọgbọ́n Ọṣẹ Dúdú?

Kí kòkó tó dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, eérú igi ni àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ ń sẹ́ fún ọṣẹ dúdú tí a fi ń tọ́jú awọ ara. Nígbà tí oko kòkó gbilẹ̀ ní agbègbè bí Òrè àti Odìgbó, èèpo rẹ̀ di ohun èlò: wọ́n sun ún, wọ́n sẹ́ eérú rẹ̀, wọ́n sì fi omi rẹ̀ se àdín. Ìhùmọ̀ gidi ni èyí, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é kò kù sílẹ̀.

Òfin Nàìjíríà ti 1970 fún olùhùmọ̀ ohun tuntun ní ẹ̀tọ́ ọdún 20. Kò kan ohun tí ayé ti mọ̀. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ọgbọ́n àtijọ́ ni odi rẹ̀: ohun tí ó wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò lè pè é ní tuntun.