Abéèrè Kì Í Ṣìnà: Àlàyé lórí Wíwá Ọkàn Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ nípa Ọ̀rọ̀ Ìlú

Àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ la igbó kìjikìji kọjá kí ojú irin tó dé ilẹ̀ yìí, ni wọ́n fi òwe kan lélẹ̀ fún wa, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Tọmọdé tàgbà ló mọ òwe náà, àjèjì tó dúró ní oríta tí ojú ń tì láti la ẹnu ni a sì sábà máa ń pa á fún. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e yẹ̀ wò tinú tẹ̀yìn, a ó rí i pé ohun mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó pa á kò dárúkọ, nítorí ó gbà pé ọmọlúwàbí ti mọ̀ wọ́n: èkíní, pé abéèrè mọ ibi tí òun ń lọ; èkejì, pé ẹni tí ó ń bi mọ ọ̀nà ibẹ̀; ẹ̀kẹta, pé kò sí ohun tí ẹni náà yóò jèrè bí ó bá fi irọ́ dá a lóhùn, kò sì sí ohun tí yóò pàdánù bí ó bá sọ òótọ́. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, abéèrè a máa ṣìnà ju ẹni tí kò béèrè lọ, nítorí ẹni tí kò béèrè a máa fi ìbẹ̀rù rìn, ṣùgbọ́n ẹni tí a júwe ọ̀nà òdì fún a máa fi ìdánilójú rìn wọ inú igbó.

Ọ̀rọ̀ ìwádìí ni mo fẹ́ fi òwe yìí tú, pàápàá jù lọ irú èyí tí a fi ń wá ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìlú: ojú tí wọ́n fi ń wo ìjọba àti òfin, ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú ìdìbò, àti ipa tí àwọn fúnra wọn ń kó nínú àtúnṣe ibi tí wọ́n ń gbé. N óò fi Bomo ṣe àpẹẹrẹ. Bomo kò jìnnà sí Samaru, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ́ọ̀dù Ìjọba Ìbílẹ̀ Sabon Gari, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, ní ilẹ̀ Zazzau tí a tún ń pè ní Zaria. Ní ìtòsí rẹ̀ ni Yunifásítì Ahmadu Bello wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1962, níbi tí ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Kàbà ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú ọmọ Kano, ọmọ Tiv àti ọmọ Ìgbò. Ìbéèrè kò sì ṣàjèjì níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni David Norman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Samaru ti ń tọ àwọn àgbẹ̀ abúlé Zaria lọ láti bi wọ́n nípa iṣẹ́ oko wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Paul Beckett àti James O'Connell, tí àwọn méjèèjì ti ṣe olùkọ́ ní yunifásítì náà, ṣe ìwádìí lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Nàìjíríà, tí wọ́n sì gbé ìwé Education and Power in Nigeria jáde lórí rẹ̀ ní 1977.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín bíbi àgbẹ̀ léèrè àti bíbi akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá bi àgbẹ̀ Bomo pé àpò ọkà bàbà mélòó ni ó kó wọlé, oko rẹ̀ ni yóò rò. Akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀, láti kékeré ni a ti ń fi ìbéèrè dán an wò, ó sì ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kọ́ ọgbọ́n kan: kí ó mọ ìdáhùn tí olùbéèrè ń fẹ́ kí ó tó rò ó wò bóyá òun gan-an gbà á gbọ́. Ó ti kọ́ nípa ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè nílé ìwé, ó sì mọ̀ pé máàkì wà fún ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdìbò jẹ́ ojúṣe gbogbo wa. Nítorí náà, bí a bá gbé ìwé ìbéèrè ka iwájú rẹ̀ nínú kíláàsì, tí olùkọ́ tí yóò fún un ní máàkì sì dúró tì í, ìdánwò ni ó ń ṣe, kì í ṣe ọkàn rẹ̀ ni ó ń sọ. Kókó ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ nìyí: ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkàn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù ìdánwò kúrò lọ́rùn ìbéèrè rẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí a béèrè ìṣe, kí a má béèrè orúkọ rere. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ǹjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè rere ni ọ́?", ta ni yóò dáhùn pé rárá? Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pé, "Láàárín oṣù méjìlá tó kọjá, ǹjẹ́ o lọ sí ìpàdé kankan ní àdúgbò tí o ń gbé, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí omi, ọ̀nà, iná tàbí ààbò?", a ti fún un ní àkókò, ibi àti ohun pàtó tí ó lè rántí. Kí a má sì fi "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" nìkan há a mọ́. Àjọ Afrobarometer, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999 tó sì kọ́kọ́ wá ọkàn àwọn ọmọ Nàìjíríà wò ní ọdún 2000, a máa la "rárá" sí méjì: rárá, ṣùgbọ́n ǹ bá lọ bí mo bá rí àyè, àti rárá, n kò jẹ́ lọ láéláé. Ọgbọ́n yìí jinlẹ̀. Ọmọbìnrin tó háyà yàrá kan ní Bomo, tí ẹnikẹ́ni kò pè sí ìpàdé àdúgbò rí nítorí pé àlejò ni, kò jọ ọmọkùnrin tí wọ́n pè léraléra tó sì kọ̀ jálẹ̀. Bí a bá ka àwọn méjèèjì sí aláìbìkítà, ẹ̀ṣẹ̀ tí ìlú ṣẹ̀ ni a gbé lé ọmọbìnrin náà lórí.

Ìbéèrè nípa ìdìbò ló gba ìṣọ́ra jù. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, kéde pé nínú 93,469,008 ènìyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò fún ọdún 2023, 26,027,481 jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí í ṣe 27.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kan tó pọ̀ tó wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ ìdìbò Ààrẹ pé ní 25 oṣù Kejì, nǹkan bí 27 péré nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n jáde. Ẹni tí kò ro ọ̀rọ̀ dénú lè sáré di ẹ̀bi ru àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan ti rí fún akẹ́kọ̀ọ́ Zaria. Láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì nínú ẹgbẹ́ ASUU fi daṣẹ́ sílẹ̀. Ìparí oṣù Keje ọdún náà gan-an ni INEC sì dáwọ́ ìforúkọsílẹ̀ dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́dọ̀ òbí wọn. Nígbà tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, NUC, pàṣẹ pé kí a ti àwọn yunifásítì pa láti 22 oṣù Kejì sí 14 oṣù Kẹta 2023, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò àwọn òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti dúkìá. Ẹni tó gba káàdì ìdìbò ní Ọ̀fà ní láti wá owó ọkọ̀. Ẹni tó gba tirẹ̀ ní Samaru ní láti wá bí yóò ṣe dúró nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti túká. Nítorí náà, "Ǹjẹ́ o dìbò?" nìkan kò tó. Kí a bi í bóyá ó forúkọ sílẹ̀, níbo, bóyá káàdì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìlú wo ló wà lọ́jọ́ náà, kí a tó wá sọ fún un pé, "Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò lè dìbò lọ́jọ́ náà nítorí àìsàn, ìrìn àjò tàbí àìrí káàdì gbà, ìwọ ńkọ́?" Gbólóhùn kékeré yẹn a máa mú ìtìjú kúrò lójú ẹni tí kò dìbò, kò sì ní nílò irọ́ mọ́.

Ọ̀nà kejì ni pé kí abéèrè má ṣe dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ọ. Ẹni tó kọ ọ́ pé, "Níwọ̀n ìgbà tí àwọn olóṣèlú ti di ọ̀jẹ̀lú, ǹjẹ́ o rò pé ìdìbò lérè?" ti parí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ pé, "Ǹjẹ́ o fọkàn tán ìjọba àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́?" ti so ìbéèrè méjì pọ̀, ẹni tó fọkàn tán ọ̀kan tí kò fọkàn tán èkejì kò sì ní ibi tí yóò fọwọ́ sí. Bákan náà, nílẹ̀ tiwa àti nílẹ̀ Hausa, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í já àgbà níyàn. Bí a bá ń ka ọ̀rọ̀ sí i létí tí a ń bi í bóyá ó gbà, yóò máa gbà ni. Ohun tó dára jù ni kí a gbé gbólóhùn méjì kalẹ̀ tí iyì wọn dọ́gba, kí a ní kí ó mú èyí tó sún mọ́ èrò rẹ̀. Afrobarometer ti bi àwọn ènìyàn bóyá ìjọba dà bí òbí tó yẹ kí ó máa tọ́jú ará ìlú, tàbí ó dà bí òṣìṣẹ́ tí ará ìlú jẹ́ ọ̀gá fún. Ọmọlúwàbí lè mú èyíkéyìí láìṣe àfojúdi sí ẹnikẹ́ni, ohun tó bá sì mú yóò sọ ohun púpọ̀ fún wa nípa bí yóò ṣe hùwà nígbà tí omi kò bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ta wá ni a ó bi? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Olùwádìí tó bá pín ìwé fún àwọn tó bá nínú kíláàsì aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ti fo ẹni tó ṣì ń bọ̀ láti Bomo, àti ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wá owó ilé ìwé. Èyí tó bá sì fi WhatsApp pín in, àwọn tí òṣèlú ń jẹ lẹ́nu ni yóò dá a lóhùn jù. Oníṣòwò ọkà kì í wo ẹnu àpò nìkan kí ó tó sanwó, a máa ti ọwọ́ bọ àárín àpò lọ́hùn-ún, nítorí ó mọ̀ pé èyí tó dára ni a sábà máa ń kó sókè. Kí a gba ìwé orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kí a pín in sí ẹ̀ka, ìpele, ọkùnrin àti obìnrin, kí a ṣẹ́ kèké láti mú àwọn tí a ó bi, kí a sì wá olúkúlùkù wọn dé ibi tó ń gbé, ìbáà ṣe ilé ìbùgbé inú ọgbà, ìbáà ṣe Kongo, Samaru tàbí Bomo. Bí a kò bá bá a nílé, kí a padà wá. Kí a má ṣe bi ẹni tí wọ́n jọ ń gbé dípò rẹ̀. Bí a bá fi kèké mú 400 ènìyàn, èsì wa kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ òtítọ́. Kí ìyàtọ̀ yìí tó lè dín sí 2.5, a ní láti mú 1,600. Nítorí náà, 400 tí a fi sùúrù wá kàn sàn ju 4,000 tó fúnra wọn wá lọ.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọgbà yunifásítì Zaria rí ikú akẹ́kọ̀ọ́ nígbà rògbòdìyàn lórí owó oúnjẹ àti ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù Kẹrin 1978, ó sì tún rí i nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn ní oṣù Karùn-ún 1986. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé kíákíá, ẹni tí a bá sì bi níbẹ̀ bóyá ó ti kópa nínú ìwọ́de rí lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò. Kí a má gba orúkọ tàbí nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ rárá. Kí ẹni tí yóò bi í má jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Kí ìbéèrè nípa ẹ̀sìn àti ẹ̀yà wà ní ìparí ìwé, kí ó má bàa máa dáhùn bí aṣojú ẹ̀yà. Bí a bá sì wọ Bomo, kí a kọ́kọ́ lọ kí olórí àdúgbò, Mai Unguwa, kí a jẹ́ kí ó mọ ohun tí a bá wá. Ní ìparí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ̀ọ̀kan, Afrobarometer a máa bi ẹni tó dáhùn pé ta ni ó rò pé ó rán àwọn wá. Ìbéèrè yìí yẹ kí ó wà nínú gbogbo ìwé tiwa náà, nítorí ẹni tó rò pé ìjọba ló rán wa wá lè ti yí ohùn padà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí a tó tẹ ìwé ìbéèrè náà, kí a gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, kí a sì bi wọ́n ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. A lè rí i pé nígbà tí a dárúkọ "ìjọba", ẹnì kan ń ro Abuja, ẹnì kejì ń ro Kaduna, ẹnì kẹta ń ro Sabon Gari, ẹnì kẹrin sì ń ro àwọn aláṣẹ yunifásítì. Orúkọ kan, ìtumọ̀ mẹ́rin. Bí a bá túmọ̀ ìwé ìbéèrè náà sí Hausa, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ tú u padà, kí a fi méjèèjì wé ara wọn.

Ìdí tí mo fi ń ṣe làálàá báyìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìwádìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́. Nínú ìwádìí ńlá kan tí àjọ àgbáyé IEA, tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀kọ́, ṣe ní 1999, tí wọ́n fi bi nǹkan bí 90,000 ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní orílẹ̀-èdè 28, wọ́n rí i pé níbi tí àwọn ọmọ ti lè sọ èrò wọn láìbẹ̀rù nínú kíláàsì, ìmọ̀ wọn nípa ọ̀rọ̀ ìlú a máa pọ̀ sí i, wọn a sì máa sọ pé àwọn yóò dìbò bí àwọn bá dàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bi léèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ti rí bí ó ṣe yẹ kí ìlú máa bi ará ìlú. Èyí tí a bi tí a kò sì jíṣẹ́ padà fún, a ti kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Nítorí náà, kí a ka èsì náà sétí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Samaru, kí a kà á ní èdè Hausa fún àwọn àgbà Bomo, kí ẹ̀dà kan dé ọ́fíìsì alága Sabon Gari, kí a sì tún béèrè àwọn ìbéèrè kan náà lẹ́yìn ìdìbò mìíràn, láti mọ ohun tó yí padà àti ohun tí kò yí. Ọmọbìnrin inú yàrá Bomo yẹn, bí ó bá gbọ́ pé nítorí ìdáhùn rẹ̀ àti ti àwọn bí i tirẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìpàdé àdúgbò, yóò lọ, yóò sì ní ohun tí yóò sọ níbẹ̀.