Òkè Ìdànrè: Ibi Ìsádi tí ó Di Ibi Ìgbafẹ́

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, ìrìn nǹkan bí máìlì 15, yóò rí oko kòkó lọ́tùn-ún lósì kí àwọn àpáta ràgàjì tó yọrí sí i lókè igi. Ìsàlẹ̀ àpáta ni ìlú tòní wà. Orí òkè ni ti àtijọ́. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni àlejò yóò gùn kí ó tó débẹ̀, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà fún ẹni tí èémí bá ká lára. Bí ó bá gòkè tán, afẹ́fẹ́ tútù ni yóò pàdé rẹ̀, àti ìró ẹyẹ, àti ìdákẹ́jẹ́ tí kò sí ní ìgboro Àkúrẹ́ tàbí ti Oǹdó.

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà kì í ṣe ti àtètèkọ́ṣe. Ìlú tí ó kún fún èrò ni orí òkè yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìtàn àwọn ará Ìdànrè sọ pé láti Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, ààbò ni wọ́n sì ń wá kí wọ́n tó tẹ̀dó sórí àpáta. Ọgbọ́n ńlá ni. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ìjà dààmú ilẹ̀ Yorùbá, Oǹdó tí ó wà nítòsí pàápàá tú fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn ará rẹ̀ fi padà sílé ní 1872.

Ohun tí àpáta ṣe fún Ìdànrè ni omi ṣe fún àwọn Tofinu ní ilẹ̀ Benin. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn lẹ́rú, inú ọ̀sà Nokoué, lẹ́bàá Kútọnu, ni wọ́n sá sí. Wọ́n ri òpó mọ́nú omi, wọ́n sì kọ́ abúlé Ganvié lé e lórí. Lónìí àwọn àlejò ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ wo Ganvié gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gun òkè Ìdànrè. Ìyàtọ̀ kan wà, kò sì kéré: ní Ganvié, onílé ni yóò kí àlejò káàbọ̀, ní orí òkè Ìdànrè, onílé ti lọ.

Kì í ṣe ogun ni ó lé wọn sọ̀kalẹ̀, àlàáfíà ni. Ilé-ìwé ti dé orí òkè ní 1896, kóòtù sì tẹ̀ lé e ní 1906, bí ẹni pé ìlú náà yóò wà níbẹ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ kòkó wà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò sì lè gun àpáta. Ta ni yóò máa ru kòkó gòkè kí ó tún máa rù ú sọ̀kalẹ̀? Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ.

Wọ́n fi ààfin Ọwá sílẹ̀, àti kóòtù, àti ilé agogo, àti ibojì àwọn ènìyàn wọn. Ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lára òkúta níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀, ìbáà kéré ìbáà tóbi, tí kò bá a mu, àfi ti àjẹ́. (Àlejò díẹ̀ ni kì í dán an wò.) Ní 2007 ni Nàìjíríà kọ òkè náà mọ́ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà kún ogún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìwé yẹn, àti lẹ́yìn rẹ̀, ni àwọn ará Ìdànrè ti ń ṣe ọdún Orósùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe ibẹ̀ ní ahoro ṣi orúkọ pè. Ilé tí a kò sùn sí mọ́ ni, kì í ṣe ilé tí a kọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀dá mìíràn náà tún wà tí ó fi àpáta yìí ṣe ilé. Ní 1963 ni Arne Schiøtz, ará Denmark, ṣàpèjúwe irú ọ̀pọ̀lọ́ kan tí a mọ̀ mọ́ òkè Ìdànrè nìkan. Lẹ́yìn náà ni ó pòórá lójú àwọn onímọ̀ fún ohun tí ó lé ní 40 ọdún, títí àwọn olùwádìí fi kéde ní 2014 pé àwọn ti tún rí i. Inú omi tín-ínrín tí ń ṣàn lára àpáta ni ọmọ rẹ̀ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀ ń gbé, omi tí àlejò sábà máa ń tẹ̀ kọjá láìbojú wolẹ̀.